Ẹyin Inú Ìbọ̀sẹ̀

Ọmọ mẹ́sàn-án ni mo ní, n kò bí ìkankan.
Aago márùn-ún ìdájí ni wọ́n ń gun àkàbà irin wá bá mi
ní Safi, lókè ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń di sàdíìnì sínú agolo.
Òórùn ẹja ti wọ aṣọ funfun wa, ó kọ̀, kò jáde;
a fi ọṣẹ, a fi ọsàn wẹ́wẹ́, a sá a sí atẹ́gùn òkun.
Àwọn ọmọ Kasabúláńkà a máa fọwọ́ di imú bí a bá dé.
Mo ní, ẹ jẹ́ kí wọ́n di í. Ẹni tó ti fi ọwọ́ kan di imú,
mélòó ló kù tó máa fi jà?

N kò kọ́ wọn ní lílù. Lílù kò lẹ́kọ̀ọ́,
ọmọdé tí wọ́n gba búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n.
Dídúró ni mò ń kọ́ wọn:
kí ẹ̀ṣẹ́ jáde bí ọta,
kó sì dúró bí ẹni tó gbọ́ orúkọ ìyá rẹ̀,
kó kan awọ, kó má wọnú ẹran.
Mo fi ẹyin adìẹ sínú ìbọ̀sẹ̀ ọkọ mi kan tó ti gbó,
mo so ó rọ̀ láti àjà.
Ẹ bà á kó mì. Ẹni tó bá fọ́ ọ, yóò mú òmíràn wá lọ́la.
Badr fọ́ mọ́kànlá lóṣù tó ṣáájú ààwẹ̀;
ìyá rẹ̀ ní àwọn adìẹ àdúgbò ti ń dá ohùn rẹ̀ mọ̀.
Wissal kò fọ́ ìkankan rí, ṣùgbọ́n kò kàn án rí náà:
ẹ̀rù nìyẹn, kì í ṣe ìkóra-ẹni-níjàánu, mo sì sọ fún un.
Ghizlane nìkan. Bó bá na ọwọ́,
ẹyin a mì díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n kí lójú oorun.

Wọ́n ní ẹyin lohùn. Mo máa ń sọ fún wọn pé
lórí ẹní tiwa, ẹ̀ṣẹ́ lẹyin.
Inú mi a máa dùn sí ọ̀rọ̀ náà. Èmi ni mo dá a.

Kasabúláńkà, ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìjà àṣekágbá.
Ìgbànú pupa ni Ghizlane dè, ti ọmọ Mẹknẹ́sì jẹ́ búlúù.
Àmì mẹ́rin sí mẹ́ta. Tiwa ló fi ọ̀kan lé.
Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án ló kù, kò sí ohun tó yẹ kó ṣe
ju kó máa rìn káàkiri bí ẹni tó ń wá bàtà.
Àga kóòṣì gbóná lábẹ́ mi.
Mo rántí àmì kan tí wọ́n já gbà lọ́wọ́ èmi náà
lórí irú ẹní yìí, ní ogún ọdún sẹ́yìn.
N kò mọ ìgbà tí mo dìde. N kò mọ ẹni tó ń pariwo,
"Parí ẹ̀! Lù ú! Lù ú!"
Mo mọ ohùn náà ṣá.

Ọmọ tó ń gbọ́ràn ni.

Ẹ̀jẹ̀ imú náà kò pọ̀. Ó tó.
Rẹfirí ní "Yamé," ó na ìka sí pupa, ó yọ ọ́ kúrò;
wọ́n gbé wúrà fún ẹni tó ki òwú bọ imú.
Ghizlane tẹrí ba fún un, ó tẹrí ba fún rẹfirí,
ó tẹrí ba fún mi.
Èyí tó kẹ́yìn ló pa mí.

Nínú bọ́ọ̀sì, àwọn yòókù ń jà lórí ìrọ̀rí.
Ẹnu mi wúwo bí àwọ̀n tó rin:
"Èmi ni. Kì í ṣe ọwọ́ rẹ."
Ó ní, "Mo mọ̀, kóòṣì. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ló wà níbẹ̀."
N kò rí èsì fọ̀. Títí di òní.

Ní El Jadida, dírẹ́bà dúró kó mu tíì.
Ọkùnrin kan ń ta ẹyin sísè, iyọ̀ àti kúmínì nínú bébà.
Ọmọ náà ra ẹyọ kan, ó rọra bó o lábẹ́ iná òpópónà,
ó bu ìdajì fún mi.
Mo jẹ ẹ́ tòun ti èèpo tó ṣẹ́kù lára rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, aago márùn-ún, òkun ń hó.
Ẹyin méjì ni mo so rọ̀, ọ̀kan níwájú wọn,
ọ̀kan níwájú àga mi.
Badr ní, "Ta ló ni ìyẹn?"
Mo ní kó lọ sáré yípo ilé ẹja lẹ́ẹ̀mẹwàá ná.