Ọyẹ́ Wọlé sí Òkè-Baálẹ̀

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni mo ṣì ń jí.
Kò sí ọkọ̀ ojú irin tó ń dúró dè mí,
kò sí àsíá pupa, kò sí aláwọ̀ ewé tí mo fẹ́ fì,
ṣùgbọ́n ara tó fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ṣọ́ ojú irin
kò mọ̀ pé ìjọba ti ní kó máa sùn.

Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà.
Ọyẹ́ ti gbé òkè ọ̀hún mì.
Òpó iná ìsàlẹ̀ àdúgbò, orí nìkan ló kù.
Òṣogbo lọ, kò dágbére.
Ilé Àlájì Lásísì, mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀
nítorí mo gbọ́ ikọ́ rẹ̀.

Sìdíkà jáde, ó fi ìborùn bo etí,
ó ní, "Bàbá Mórúfù, ẹsẹ̀ yín dà bí àkùrọ̀ tó gbẹ."
Ó gbé agolo òrí kalẹ̀ níwájú mi.
Òrí náà dì bí òkúta;
àtẹ́lẹwọ́ ni mo fi bẹ̀ ẹ́ kó tó gbà láti yọ́.

Àwa méjì nínú ilé oníyàrá mẹ́jọ.
Ife méjì, àwo méjì,
rédíò kan tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.
Owó ìfẹ̀yìntì a máa wá bí àlejò tó ń bínú:
ó pẹ́ kó tó dé, kì í pẹ́ kó tó lọ.

Kérésìmesì kì í ṣe ọdún wa,
ṣùgbọ́n ọ̀gá wọn fún wọn láàyè, ìyẹn náà ló ń jẹ́ ọdún.
Mórúfù dé láti Kàdúná, ọmọ mẹ́rin, àpò àlùbọ́sà kan.
Nímọ́tà dé láti Ṣàgámù,
ó ti ń pàṣẹ ká tó gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀.
Odò Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ ti tẹ́ẹ́rẹ́, kí la fẹ́ bá kànga wí?
Okùn ò kàn án mọ́, a so ìborùn mọ́ ọn.
Ẹni mọ́kànlá tò síwájú ilé ìwẹ̀,
kò sẹ́ni tó fẹ́ wẹ̀.
"Ìwọ kọ́kọ́ lọ." "Rárá o, ẹ̀gbọ́n ló ń ṣáájú."
Sìdíkà gbé omi kaná lẹ́ẹ̀mẹta,
ó ń kùn,
ó ń kùn bí ẹni tí wọ́n ta lọ́rẹ.

Lálẹ́ ni Àmídù pè láti ìlú òtútù.
Ojú rẹ̀ hàn nínú fóònù, fìlà onírun lórí.
Ó yí i síta: funfun, funfun,
bí ẹni pé àpò ìyẹ̀fun kan já lójú ọ̀run.
Ọmọ rẹ̀ Hàbíbátù, tí a ò tíì fọwọ́ kàn rí,
na ìka kan ṣoṣo, ó kọ orúkọ rẹ̀
sára gíláàsì mọ́tò tí yìnyín bò.
"Bàbá àgbà, ṣé ẹ rí i?"
Yorùbá rẹ̀ ń tiro, ṣùgbọ́n ó rìn dé ọ̀dọ̀ mi.

Mo ní, "Dúró."
Mo gbé fóònù lọ sí ìdí tábìlì
tí Sìdíkà nù nírọ̀lẹ́, tí ọyẹ́ ti gbà padà.
Mo fìka kọ ọ́: HÀBÍBÁTÙ.
Ìlà rẹ̀ gún, bí ìgbà tí mò ń kọ orúkọ ọkọ̀ sínú ìwé.
Ó bú sẹ́rìn-ín, fóònù gbọ̀n lọ́wọ́ mi.
"Ẹ̀yin náà ní yìnyín!"
Mo ní, "A ní in. Gbígbẹ ni tiwa."

Ọjọ́ kejì oṣù Ṣẹ́rẹ́, wọ́n lọ.
Bàtà ọmọdé ẹsẹ̀ kan ló kù lábẹ́ àga.
Sìdíkà mú àkísà. Mo ní kó fi tábìlì yẹn sílẹ̀.
Ó wò mí, kò sọ̀rọ̀, ó lọ nu fèrèsé.

Ní ọjọ́ kẹta
eruku tuntun ti sọ orúkọ náà di ojú àpá.
Mo jí láago mẹ́rin ààbọ̀.
Mo tún un kọ.