Epo Kì í Sún

Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wa ní Arákàlẹ̀, l'Ákùrẹ́,
kànga kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í fà mọ́.
Ibẹ̀ la ti kọ́kọ́ dán an wò:
ike líle, gọ́ọ̀mù yí ẹnu rẹ̀ po,
iná pupa bíńtín ń ṣẹ́jú nínú.
Ọ̀gá Akíndúró so òkúta mọ́ ọn nídìí,
ó ń tú okùn, ó ń ka apá.
Ní apá kẹsàn-án, iná kú.
A fà á jáde, ó ti mu omi yó bí ọ̀mùtí alẹ́ Sátidé.

Èkejì, òrùka rọ́bà, gírísì, síkúrúù mẹ́jọ.
A gbé e dé Ọ̀wẹnà níbi tí wọ́n ti sé odò,
torí àwọn olómi fẹ́ mọ bí ẹrẹ̀ ti ga tó nísàlẹ̀.
Kò jò.
Omi kàn tẹ̀ ẹ́ fọ́ ni, bí ẹyin lábẹ́ gìgísẹ̀.
Ọ̀gá ò sọ̀rọ̀ títí a fi délé.

Ìyá mi l'Óndó ló ki ọwọ́ bọ ìkòkò lọ́jọ́ kẹta,
ó yọ ẹran ìgalà láti inú epo pupa,
ẹran oṣù tó kọjá, kò rà, kò hu.
"Ibi tí epo bá kún, kí lomi fẹ́ wá jókòó lé?"
N ò jẹun mọ́. Mo wọ ọkọ̀ padà l'álẹ́ ọjọ́ náà.

Afẹ́fẹ́! Ojo la ti ń tì mọ́lé látọjọ́ yìí:
omi fọwọ́ kàn án, ó sá wọ kọ̀rọ̀,
ògiri sì tẹ̀ lé e.
Epo kì í sún fún ẹnikẹ́ni.

A rọ epo funfun kún un dé ọ̀nà ọ̀fun,
mo ń gbá a lẹ́yìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́
bí abiyamọ tó fẹ́ kọ́mọ gùfẹ̀,
títí èéfọ́ ìkẹyìn fi jáde.
A fi rọ́bà kẹ̀kẹ́ bo ojú kan,
kí omi lè máa tì í,
kí epo sì máa dá a lóhùn.

Apá méjìlélógún. Okùn dẹ̀.
Lójú fóònù mi, òkùnkùn là:
ẹrẹ̀, ẹja kan tí kò bìkítà,
kùkùté igi kòkó, ojú àdá ṣì wà lára rẹ̀.

Ọ̀gá gba fóònù lọ́wọ́ mi.
Kò bèèrè bí ẹrẹ̀ ti ga tó.
"Tú u sí i," ó ní, "ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ lahéré bàbá mi wà."
Mo wo ọwọ́ mi.
Okùn ti tán.