Agbọ̀n Tí Efúnbọ̀dé Dà Nù

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ mọ́jú, ilẹ̀ Àkàká ń rùn bí ìkòkò tuntun.
Efúnbọ̀dé fi ìgbọ̀nwọ́ kan ilẹ̀kùn mi:
"Dìde. Olú kì í dúró de ọ̀lẹ.
Bí oòrùn bá yọjú, ìdin á ti ṣáájú wa jẹun."

A gba inú oko obì bàbá Ṣódípẹ̀ kọjá,
níbi tí wọ́n ti fọ́n oògùn apakoríko lọ́sẹ̀ tó kọjá.
Olú hù níbẹ̀ bẹẹrẹ. Mo ti bẹ̀rẹ̀ kí n já a,
ó fi ọ̀pá gbá mi lọ́wọ́.
"Ohun tí ilẹ̀ bá mu lolú ń mu."

Níwájú, ọ̀gán kan wà tó ga jù mí lọ,
ikán ti mọ ọ́n kí wọ́n tó bí ìyá Efúnbọ̀dé.
Ibẹ̀ lolú gidi ti dìde,
fìlà aláwọ̀ eérú, ṣóńṣó orí wọn dúdú díẹ̀.
Kò já wọn lókè. Ó kúnlẹ̀, ó fìka wa ilẹ̀,
ó ń bá ẹsẹ̀ olú lọ sísàlẹ̀, sísàlẹ̀,
títí ó fi di okùn tín-ín-rín tó wọ ilé ikán lọ.
"Wò ó. Mo mọ ilé tí èyí ti wá.
Èyí tó bá wọ ẹ̀gbà sọ́rùn, tó ki ẹsẹ̀ bọ àpò,
tó funfun láti orí dé abẹ́ agboòrùn rẹ̀,
má bi í lórúkọ. Kí i, kí o kọjá."

Agbọ̀n kún. Mo ti ń rí ìkọ́kọrẹ́ lójú inú mi,
olú tó ya bí ẹran nínú ewùrà.
A délé, ó da wọ́n sórí àtẹ,
ó ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka owó àjọ,
ó dá ọwọ́ dúró.
Ọ̀kan. Funfun. Àpò lẹ́sẹ̀.
Èmi ni mo já a nígbà tó kẹ̀yìn sí mi.

Mo ní, "Ẹ yọ ọ́ sọnù, ká se ìyókù."
Mo ní, "Ìgbín ti jẹ létí rẹ̀, ìgbín ò kú."
Mo ní, "Ká fi àlùbọ́sà sè é, bí àlùbọ́sà bá dúdú..."
"Ikùn ìgbín kọ́ ló wà lára rẹ.
Àlùbọ́sà ò jẹ́rìí gba ẹnikẹ́ni là rí."
Ó gbẹ́ kòtò lẹ́yìn ilé, ó da gbogbo rẹ̀ sí i, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.
Gàrí la jẹ lálẹ́ yẹn. Mo sunkún sínú tèmi.

Ìgbà tí epo fìtílà ń tán lọ ló tó sọ ti Odùṣolá, àbúrò rẹ̀:
ó jẹ olú ní ìrọ̀lẹ́, ó sùn, kò sí nǹkan kan.
Ilẹ̀ mọ́, ó bì, ó bì.
Lọ́jọ́ kejì ara tù ú, ó rẹ́rìn-ín, ó béèrè ẹ̀kọ;
wọ́n ní ó ti bọ́, wọn ò gbé e lọ sí ọsibítù Ṣágámù mọ́.
Lọ́jọ́ kẹta ojú rẹ̀ di àwọ̀ ìyeyè.
Efúnbọ̀dé ò parí rẹ̀. Ó pa fìtílà.

Èmi náà ti di ẹni à ń kúnlẹ̀ kí.
Ṣótayọ̀ ọmọ ọmọ mi ti Ìkẹ́nnẹ́ dé lánàá, ó ya àwòrán olú kan,
ó ní fóònù òun sọ pé jíjẹ ni.
Mo ní kí fóònù kọ́kọ́ jẹ ẹ́.
Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.
Mo fà á lọ́wọ́ dé ìdí ọ̀gán
(ó ti ga sí i, tàbí èmi ni mo kúrú),
a wa ilẹ̀, a rí okùn tín-ín-rín,
a mú mọ́kànlá nínú mẹ́rìndínlógún.
Àwọn tí kò tíì ṣí agboòrùn, a fi wọ́n sílẹ̀.
Ó ní, "Màmá, ẹlòmíràn lè wá kó o."
Mo ní, "Kó wá. Kó ṣáà ti mọ̀ ọ́n."