Òwú Lẹ́nu Pẹ́pẹ́yẹ

Aago mẹ́rin ìdájí, ojú ọjà Takeo ò tíì là,
mo ti di àpótí yìnyín mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù:
igi òwú ogójì, ìgò ogójì,
ìbọ̀wọ́ tó ń rùn bíi rọ́bà tuntun.
Yeay Thoeun ti rí mi lókèèrè. "Olówùú ti dé o!
Ẹ di pẹ́pẹ́yẹ yín mú, ó fẹ́ yẹ̀ wọ́n lọ́fun wò."

Mo la ẹnu ọ̀kan. Ó wò mí bí ẹni tí mo jẹ lówó.
Mo yí òwú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo tì í bọ omi pupa inú ìgò.
Pẹ́pẹ́yẹ gbọn ìyẹ́, ó ń ṣa ìgbín kéékèèké jẹ lọ,
kò húkọ́, kò sín.
Ara rẹ̀ le. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ;
àwọn ọ̀gá mi ní Phnom Penh, ẹ̀wù ni wọ́n wò.
Wọ́n wo ẹ̀gún ara ẹ̀wù náà,
wọ́n ní H5, wọ́n ní N1.
Bó bá pààrọ̀ ẹ̀gún, wọ́n á pààrọ̀ nọ́ńbà.
H9 wà lára adìyẹ, kì í pariwo.
H3 wà lára èmi alára lésìí:
ibà ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀kọ ìrẹsì, ó tán.
Kò sí èyí tó ní oríkì nínú wọn.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àlejò la pè é.
A ní ẹyẹ arìnrìn-àjò ló gbé e wá, yóò bá wọn padà.
Ọdún kọkànlá rèé.
Àlejò wo ló ń gbé inú omi,
lórí pákó tí wọ́n fi ń dúńbú ẹran,
lábẹ́ èékánná Yeay Thoeun,
tí kì í bèèrè ọ̀nà ilé mọ́?

Loṣù Èrèlé, Veasna ọmọ ọmọ rẹ̀
gbé pẹ́pẹ́yẹ mẹ́ta tó kú wálé láti etí adágún.
Ta ni yóò da ẹran nù?
Òwú tí mo fi kan imú ọmọ náà,
ẹ̀ẹ̀kan ni mo yí i.
Ọwọ́ mi kọ ìkejì.

Lónìí, Yeay Thoeun fúnra rẹ̀ ló di pẹ́pẹ́yẹ mú,
ó fi àtàǹpàkò la ẹnu rẹ̀ fún mi.
"Nọ́ńbà wo ni ti Veasna?"
Mo sọ fún un.
Ó ń kà á lórí ìka bí ẹni ń ka owó tí ò pé.
"Bó o bá tún rí i, má pè é lálejò níwájú mi."
Ó yíjú sọ́jà, ó kígbe iye tó ń ta ọ̀kan.
Ọdún tuntun ku ọ̀sẹ̀ méjì.