Ohùn Ọ̀bẹ

Ọ̀bẹ inú fíìmù kì í dún.
Rọ́bà ni. Wọ́n kùn ún lọ́dà fàdákà,
ó ń tẹ̀ wọ́ọ́rọ́ bó bá ti kan àyà ọmọge.
Odarka ló ń fún un lóhùn.

Nínú yàrá abẹ́lẹ̀ kan ní Winnipeg,
níbi tí òtútù ti ń rẹ́ etí ènìyàn bí ẹni ń rẹ́ ilá,
ó dúró níwájú gbohùngbohùn,
kábéèjì méje lórí tábìlì, bàrà olómi mẹ́ta,
àti awọ màlúù tó ti wà nínú omi láti àná.
Lára ògiri, Bàbá Kérésì gbé àáké kọ́ èjìká,
ó ń bọ̀ láàárín àwọn igi tí iná wẹ́wẹ́ ń ṣẹ́jú lára wọn.
Ó ń rìn, a ò gbọ́ nǹkan kan.
Odarka ki ẹsẹ̀ bọ bàtà ọkọ rẹ̀,
ó ń tẹ ìyẹ̀fun àgbàdo nínú àpò awọ:
rùkẹ̀, rùkẹ̀, rùkẹ̀.
Òjò dídì nìyẹn.

Àáké gòkè.
Ọmọge yanu.
Odarka di èémí mú, ó gún kábéèjì,
ṣàkì!
"Ó gbẹ jù," Tavish wí láti ẹ̀yìn gíláàsì,
"bu omi sí i díẹ̀."
Ó bu omi sí i. Ó tún un gún.
Ìgbà mẹ́tàdínlógún ni wọ́n pa ọmọ ọlọ́mọ lọ́jọ́ yẹn
kí ikú rẹ̀ tó dún bí ikú.

Ìyá ọkọ rẹ̀ rò pé orin ni wọ́n ń gbà sílẹ̀ níbẹ̀.
Kò já a nírọ́.

Ọjọ́ kẹfà oṣù Jánúárì,
tí Kérésìmesì àwọn ará ilé bàbá rẹ̀ ń wọlé bọ̀ lálẹ́,
ó gbé kábéèjì kan kalẹ̀ nílé ìdáná.
Oúnjẹ méjìlá, kò gbọdọ̀ sí ẹran nínú ọ̀kankan.
Ìrẹsì tí a fi ewé kábéèjì dì,
àga kan tó ṣófo fún ẹni tó ti lọ.
Lọ́dún yìí, Petro ló ni àga.

Ó mú ọ̀bẹ. Ọwọ́ kọ̀.
Ó ti gbọ́ ohùn náà kí irin tó kan ewé.

Nígbà tí Petro ń kú, kò sí ohun tó dún.
Nọ́ọ̀sì fa aṣọ fèrèsé, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀,
ó kọ nǹkan sínú ìwé.
Bí Tavish bá ní kó wá ohùn fún ìyẹn,
kí ni ì bá gún?
Èso wo ni ì bá là?

"Màmá, ìràwọ̀ àkọ́kọ́ ti fẹ́ yọ!"
Larysa ti sáré jáde, ilẹ̀kùn gbá gbàmù.
Odarka kù òun nìkan, òun àti ìkòkò tó ń hó.
Ìta dákẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ní ẹ̀gbẹ́ ilé,
rùkẹ̀,
ẹsẹ̀ ńlá, ẹsẹ̀ ọkùnrin,
rùkẹ̀,
ìrìn Petro gan-an, bó ṣe máa ń wọ́ gìgísẹ̀ òsì,
ó dé àtẹ̀gùn, ó gbọn òjò dídì nù.
Ilẹ̀kùn ṣí.

Larysa ni, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án,
bàtà bàbá rẹ̀ gùn ún dé orúnkún,
imú rẹ̀ pọ́n bí ata.
"Mo ti rí i," ó wí. "Kí lẹ ń fi ọ̀bẹ ṣe?"