Orí Kẹsàn-án

Ọdún mẹ́tàlélógún ni Ládépò fi ta ọ̀rọ̀ l'Ékòó.
Ọṣẹ ni, tòmátì inú agolo ni, oògùn ẹ̀fọn ni,
kó ṣáà ti kó ọ̀rọ̀ márùn-ún jọ, ọjà á tán.
Èmi náà ra ọ̀kan nínú ìpara rẹ̀ fún aya mi;
ojú obìnrin bó bí èèpo ẹ̀pà yíyan.
N kò sọ ọ́ lọ́jọ́ tó wọlé
sí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé mi ní Owódé
pẹ̀lú fáìlì tó ki bíi búlọ́ọ̀kù:
"Rábíù, ìwé ni mo kọ. Bí èèyàn ṣe ń ṣòwò."

Mo ń kà á bí mo ṣe ń tò ó.
Gbogbo gbólóhùn ló ń sáré,
bí ẹni tí wọ́n ń ka ìṣẹ́jú àáyá lé lórí ní rédíò.
Ìwé ò sì lè sáré;
ẹni tó ń kàwé, ó jókòó ni.

Nígbà tí mo dé orí kẹsàn-án, mo pa ẹ̀rọ.
Bàbá rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́,
tó ń rán tìmùtìmù lábẹ́ òrùlé páànù,
awọ ewúrẹ́, pupa, dúdú,
kò ní pátákó, kò kígbe pe ẹnikẹ́ni.
Obìnrin kan gbé tìmùtìmù ọlọ́dún mẹ́rìndínlógún padà wá:
etí kan ló ya.
Bàbá tú gbogbo rẹ̀, ó tún un rán, kò gba kọ́bọ̀.
Ládépò, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ní èrè dà?
Bàbá ní, "Ó kúkú rántí ọ̀nà ilé mi."
Gbólóhùn yẹn nìkan ni kò sáré.

Mo ní, "Orí yìí ni ìwé. Ìyókù, ariwo."
Ó bínú. Ó gbé fáìlì rẹ̀, ó lọ.
Ó tó oṣù méjì kó tó padà,
irùngbọ̀n ti hù, fáìlì ti rù:
ojú ewé mọ́kànlélógójì péré.
Ní ìbẹ̀rẹ̀, kó tó kan bàbá,
ó to orúkọ àwọn ọjà tí kò yẹ kó polówó.
Ìpara yẹn ló kọ́kọ́ kọ.

Mo tẹ igba. Kò polówó wọn rárá.
Ẹ̀gbẹ́ àpótí bàbá rẹ̀ ló tò wọ́n sí;
ọ̀sẹ̀ kan, ẹyọ kan. Ọ̀sẹ̀ mìíràn, òjò.
Owó iṣẹ́ mi ṣì ku ẹgbàájì náírà lọ́wọ́ rẹ̀.
Aya mi ka ojú ewé kìíní lẹ́ẹ̀mejì,
ó pa ìwé dé, ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀,
ó ní, "Má bi í léèrè owó yẹn mọ́."