Gbé Ọwọ́ Kúrò Lórí Iṣu

Ṣọ́ọ̀bù mi kò ju ẹnu ọ̀nà ilé ìyá mi lọ
ní Òkè-Àgbò, n'Íjẹ̀bú-Igbó:
tábìlì kan, àga méjì,
kọ̀ǹpútà tí kò mọ "ṣ",
bírò ni mo fi ń kan àmì sídìí rẹ̀.
Igba náírà lojú ìwé kan. Yíǹkì ló gbówó lórí.

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa ń wá,
wọ́n á ti gẹrun, wọ́n á ti kun bàtà,
wọ́n á na sífíì ẹlòmíì sí mi:
"Ẹ bá mi da eléyìí kọ, ẹ kàn yí orúkọ padà."
Mo ti tẹ "òṣìṣẹ́ takuntakun" títí
ìka mi ti mọ ọ̀nà rẹ̀ nínú òkùnkùn.
Mo ti tẹ "mo lè dá ṣiṣẹ́ láìsí alábòójútó"
fún ọmọkùnrin tí ìyá rẹ̀ dúró tì, tó ń bá a dáhùn.
Gbogbo wọn ló fẹ́ràn ìwé kíkà.
Bí ọ̀gá iléeṣẹ́ bá tú ọgọ́rùn-ún ìwé sórí tábìlì,
ẹnìkan ṣoṣo ló kọ̀wé sí i,
èmi sì ni.

Bùkúnọlá Ọ̀ṣíbógun wọlé lọ́jọ́ tí òjò ṣú.
Iléeṣẹ́ kan lọ́nà Ṣágámù ń wá ẹni tí yóò máa ṣọ́ ilé ẹrù.
"Ẹ kọ ọ́ pé mi ò tíì ṣiṣẹ́ rí."
Kí lo ti ń ṣe látìgbà tí o ti jáde iléèwé?
"Ilé ni mo wà."
Ilé wo?
"Mo kàn ń bá Bàbá mi jókòó níbi ìlagi."

Ó wojú òjò.
Ó ní látọdún tí ayùn ti gé ìka mẹ́ta lọ́wọ́ Bàbá,
òun lòún ń kọ pákó tó wọlé, pákó tó jáde,
bírò pupa, bírò dúdú.
Lóṣù kẹta, ìṣirò kọ̀, kò bára mu:
mọ́kànlá ń dín nínú gbogbo ọkọ̀ tó lọ Ìbàdàn.
Òun ò pariwo. Òun fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sídìí pákó kọ̀ọ̀kan,
òun sì bá ọkọ̀ kẹrin lọ, lórí ẹrù.
Látọjọ́ náà, pákó kan ò sọnù mọ́.

"Ṣùgbọ́n ẹ má kọ ìyẹn o, Àǹtí. Ẹnikẹ́ni ò sanwó fún mi.
Bàbá mi ní bí iṣu ẹni bá ta, ọwọ́ là á fi bò ó jẹ."

Òótọ́ ni Bàbá sọ, nídìí oúnjẹ.
Ìwé yìí kì í ṣe oúnjẹ, àtẹ ni.
Ta ló ń pàtẹ iṣu tó tún ń da aṣọ bò ó?
Gbé ọwọ́ kúrò.

A pa "takuntakun" rẹ́. A pa "mo fẹ́ràn ìrìn àjò" rẹ́,
bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí pákó ló gùn dé Ìbàdàn.
Bó ṣe rí la kọ ọ́: ọdún mẹ́rin, ọkọ̀ mẹ́ta lọ́sẹ̀,
mọ́kànlá tó ń sọnù, àti ọjọ́ tí ó dáwọ́ dúró.
Nígbà tí ojú rẹ̀ là tán, ó ní ká sọ ọ́ di ogún.
Mo kọ̀.
Lọ́jọ́ tí wọ́n bá bi ọ́ lójúkojú,
mọ́kànlá lẹnu rẹ yóò já bọ́ lé.

Ojú ìwé kan péré. Ó ní ó kéré.
Ó ní kí n yọ ogún náírà fún òun nígbà náà.
Ọmọ Ìjẹ̀bú ni. Mo yọ ọ́.
Ó fi ọ̀rá wé ìwé náà, ó wọnú òjò.

Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n pè é.

Lálẹ́, kí n tó pa kọ̀ǹpútà, mo ṣí ojú ìwé tuntun.
Mo tẹ orúkọ mi, Mojírọ́lá Ṣótáyọ̀,
pẹ̀lú "s" tó ń dúró de bírò.
Mo tẹ: Iṣẹ́ tí mo ti ṣe.
Ìka mi, tó mọ ọ̀nà gbogbo èèyàn,
dúró.
"Ilé ni mo wà" ló kọ́kọ́ wá sí i.